Àbúrò mi jẹ báńkì ní gbèsè: ṣé ó ṣì lè díje?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàrístà. Àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ díje fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wa. Ó yá ₦38 mílíọ̀nù ní báńkì láti fi dá ilé iṣẹ́ búrẹ́dì sílẹ̀. Ọjà ò lọ bó ṣe yẹ, ó sì ti lé lọ́dún méjì tí kò ti rí i san. Àwọn alátakò rẹ̀ rí lẹ́tà tí báńkì kọ sí i, wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp pé ó ti di bankrupt, pé òfin ò gbà á láyè láti du ipò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń gbé l'Amẹ́ríkà ní kó kúkú lọ kéde ara rẹ̀ ní bankrupt kí gbèsè náà lè parẹ́, kó ráyè ṣe ìpolongo. Ẹlòmíràn ní òun lè bá wa gba ìwé "clearance" tó máa fi hàn pé kò jẹ gbèsè, ₦650,000 ló fẹ́ gbà. Èwo ni ká ṣe nínú méjèèjì?

Ẹ̀gbọ́n olùdíje

Ìdáhùn

Ẹ̀gbọ́n olùdíje, ẹ kú làálàá. Nínú méjèèjì, ẹ má ṣe ọ̀kankan. Ẹni tó fẹ́ gba ₦650,000, ẹ lé e lọ. Ti ọ̀rẹ́ tó wà l'Amẹ́ríkà, mo mọ̀ pé ire ló ń wí, àmọ́ ìmọ̀ràn tirẹ̀ gan-an ló máa yọ àbúrò yín kúrò nínú ìdíje, ohun tí àwọn alátakò ń wá tí wọn ò rí ṣe. Gbogbo ìgbà tí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé ni irú ìbéèrè yìí máa ń ya wọlé, àṣìṣe kan náà ló sì máa ń wà nídìí rẹ̀: àwọn èèyàn rò pé gbèsè ló ń lé olùdíje kúrò, pé bankrupt sì ni oògùn gbèsè. Gbèsè kì í lé olùdíje kúrò. Oògùn yẹn ló ń lé e.

Ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé òfin. Ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wà ní abala 107 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999. Ti ilé aṣòfin àgbà àti ilé aṣojú-ṣòfin wà ní abala 66, ti ààrẹ ní 137, ti gómìnà ní 182. Ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló to àwọn tí kò lè díje lẹ́sẹẹsẹ, onígbèsè lásán ò sì sí nínú wọn. Ẹni tó wà níbẹ̀ ni ẹni tí wọ́n ti kéde lábẹ́ òfin pé ó jẹ́ bankrupt, tí wọn kò sì tíì tú u sílẹ̀. Ohun méjì ló gbọ́dọ̀ pé: kí wọ́n ti kéde rẹ̀, kí wọ́n má sì tíì tú u sílẹ̀. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, òfin yẹn ò mú un.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí òyìnbó ṣe ń pè é ni, nítorí ibi tí a bá ti túmọ̀ rẹ̀ sí "onígbèsè" ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ipò kan lábẹ́ òfin ni. Ẹ fi wé tọkọtaya tó ṣègbéyàwó kọ́ọ̀tù: wọ́n lè máa jà lójoojúmọ́, wọ́n lè pín ilé gbé, kí gbogbo àdúgbò máa pè wọ́n ní ẹni tó ti kọ ara wọn sílẹ̀, ìgbéyàwó náà kò tíì tú títí adájọ́ yóò fi sọ pé ó tú. Bẹ́ẹ̀ náà ni bankrupt. Èèyàn lè jẹ gbèsè bílíọ̀nù kan kó má jẹ́ bankrupt. Ẹni tó jẹ mílíọ̀nù kan péré sì lè jẹ́ ẹ, bí ilé ẹjọ́ bá ti kéde rẹ̀.

Ilé ẹjọ́ wo? Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ nìkan. Abala 251 nínú ìwé òfin kan náà ló kó ẹjọ́ bankrupt lé e lọ́wọ́. Mánẹ́jà báńkì ò lè kéde ẹnikẹ́ni. Ọlọ́pàá ò lè kéde ẹnikẹ́ni. Kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú, oníròyìn, kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó ní àṣẹ yẹn, àjọ INEC pàápàá kò ní in.

Lẹ́tà tí wọ́n ń pín kiri yẹn ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé báńkì tàbí agbẹjọ́rò rẹ̀ ló kọ ọ́, tó kọ "FINAL DEMAND" gàdàgbà sókè, tó ní kí àbúrò yín wá san iye báyìí láàárín ọjọ́ báyìí kí àwọn má baà gbé e lọ sílé ẹjọ́, lẹ́tà tí wọ́n fi ń sin owó lásán ni. Ìwé tó yẹ kó kó jìnnìjìnnì bá yín yàtọ̀ gédégédé. Orúkọ ilé ẹjọ́ ni yóò wà lórí rẹ̀ pátápátá, "IN THE FEDERAL HIGH COURT OF NIGERIA", nọ́ńbà ẹjọ́ tó fi FHC bẹ̀rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e, òǹtẹ̀ ilé ẹjọ́ yóò wà lára rẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ bankruptcy ni. Bí ẹ kò bá rí nǹkan wọ̀nyí, àríyànjiyàn orí WhatsApp ni, ẹ má jẹ́ kó gba oorun lójú yín.

Kí ló wá dé tí ọ̀rẹ́ Amẹ́ríkà fi rò pé bankrupt ni ọ̀nà àbáyọ? Ohun tó ń rí lọ́dọ̀ tiwọn ni. Lọ́hùn-ún, onígbèsè á gba ilé ẹjọ́ lọ, wọ́n á pa púpọ̀ nínú gbèsè rẹ̀ rẹ́, á sì bẹ̀rẹ̀ ayé lákọ̀tun. Wọ́n á tún ní ilé iṣẹ́ Donald Trump wọ ilé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ọdún 1991 sí 2009, ó sì di ààrẹ. Òótọ́ ni, àmọ́ ohun méjì ni wọn kì í sọ mọ́ ọn. Àwọn ilé iṣẹ́ ló wọ̀ ọ́, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ kò kéde ara rẹ̀ rí. Èkejì, ìwé òfin Amẹ́ríkà kò sọ níbì kankan pé bankrupt ò lè jẹ ààrẹ. Tiwa sọ ọ́.

Ní Nàìjíríà, Òfin Bankruptcy tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1979 gba onígbèsè láyè láti lọ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ nílé ẹjọ́ pé apá òun ò ká gbèsè òun. Ẹ wo ohun tó ń tẹ̀ lé e. Ìwé tó fi sílẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ẹ̀rí lòdì sí i. Ilé ẹjọ́ á fi àṣẹ gba àkóso ohun ìní rẹ̀, wọ́n á fi í sábẹ́ òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Official Receiver. Wọ́n á ní kó kọ gbogbo ohun tó ní àti gbogbo ohun tó jẹ sílẹ̀, àti ta ló jẹ ẹ́. Àwọn olówó rẹ̀ á pàdé lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n á pè é síta gbangba nílé ẹjọ́, wọ́n á fi í búra, wọ́n á sì máa bi í ní ìbéèrè lórí bó ṣe ná owó. Ẹ fojú inú wò ó, olùdíje kan lásìkò ìpolongo, kí oníròyìn jókòó sẹ́yìn ilé ẹjọ́ máa kọ ọ́ sílẹ̀! Lẹ́yìn gbogbo èyí ni wọ́n á wá kéde rẹ̀, abala 107 á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú.

Gbèsè náà ńkọ́, ṣé ó parẹ́? Bó bá jẹ́ pé ó fi ilé tàbí ilẹ̀ dúró fún owó báńkì, báńkì ṣì lè ta ilé náà. Kíkéde rẹ̀ kò gba ohun ìdúró kúrò lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú. Kò ní lè jẹ́ olùdarí kọ́ńpìnnì mọ́ láìgba àṣẹ ilé ẹjọ́. Ìtúsílẹ̀ náà kì í sì í jábọ́ láti ọ̀run: ó máa kọ̀wé béèrè, Official Receiver á sọ ohun tó rí nípa ìwà rẹ̀, adájọ́ lè gbà, ó lè kọ̀, ó lè ní kó dúró fún ìgbà díẹ̀ kó tó jáde. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún olùdíje pé kó lọ kéde ara rẹ̀ kó lè ráyè díje, igi tí olùdíje náà jókòó lé ló ń gé.

Ibi tó yẹ kí ẹ ti máa ṣọ́ra gan-an ni bí àwọn olówó ṣe lè kéde rẹ̀ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ béèrè. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù nìyí. Olówó á kọ́kọ́ pe ẹjọ́ owó, á gba ìdájọ́ tó ti parí. Lẹ́yìn náà á gba ìwé kan ní ilé ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní bankruptcy notice, wọ́n á fi lé onígbèsè lọ́wọ́. Ìwé yìí máa ń dá ọjọ́: láàárín ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú rẹ̀, kó san owó náà, tàbí kó fi ohun kan dúró tó tẹ́ olówó lọ́rùn, tàbí kí òun àti olówó jọ parí ẹ̀ sí iye kan, tàbí kó fi hàn ilé ẹjọ́ pé olówó náà jẹ òun ní iye tó tó bẹ́ẹ̀ tàbí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ tí òun ò ráyè sọ nínú ẹjọ́ àkọ́kọ́. Bí ọjọ́ náà bá kọjá tí kò ṣe ọ̀kankan, ó ti hu ìwà tí òfin fi ń mọ bankrupt, olówó sì láṣẹ láti gbé ẹjọ́ gidi wá. Ìwé tó dà bí lẹ́tà lásán tí wọ́n jù sórí fìríìjì, tí wọ́n ní ká kọ́kọ́ parí ìdìbò abẹ́lé ná, òun ló ń pa àwọn olùdíje.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé gbèsè òun ò tó nǹkan. Iye tí òfin náà fi lélẹ̀ kí olówó tó lè gbé irú ẹjọ́ yìí wá ni ₦2,000. Ìgbà tí náírà ṣì jẹ́ náírà ni wọ́n ti kọ ọ́. Lóòótọ́, ẹjọ́ bankrupt ti èèyàn ẹlẹ́ran ara kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Báńkì á kúkú lọ ta ohun ìdúró tàbí kó gbẹ́sẹ̀ lé àkáǹtì. Àmọ́ ẹ rántí pé olùdíje ní ọ̀tá tí oníbúrẹ́dì ò ní. Alátakò lè ra ojú olówó, kó san owó agbẹjọ́rò fún un, kó ní kó máa gbé ẹjọ́ lọ. Ohun tí báńkì ò ní ṣe nítorí pé èrè ò sí níbẹ̀, òṣèlú lè ṣe é nítorí pé ipò wà níbẹ̀.

Yàtọ̀ sí ìwé yẹn, àwọn ìwà mìíràn wà tí òfin kà sí ìwà bankrupt, àfi bí ẹni pé olùdíje ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ wọ́n. Kéèyàn sá kúrò ní Nàìjíríà tàbí kúrò nílé rẹ̀ kí olówó má baà rí i. Kó ti ara rẹ̀ mọ́lé, kí ọmọ máa sọ lẹ́nu ọ̀nà pé "Dádì ò sí nílé." Kó fi ilé, ilẹ̀ tàbí ọkọ̀ rẹ̀ sórúkọ ìyàwó tàbí àbúrò kí ọwọ́ olówó má baà tó o. Kó gbé ohun ìní fún olówó kan, kó fi àwọn yòókù sílẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí dáadáa: kó fún olówó ní ìkìlọ̀ pé òun ti dáwọ́ gbèsè sísan dúró tàbí pé òun fẹ́ dá a dúró.

Ẹ wo bí èyí ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Òru kan, ariwo olówó ti sú olùdíje, ó mú fóònù, ó kọ ọ́ sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan: "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣe sùúrù, mi ò ní lè san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni títí ìdìbò yóò fi parí." Lójú tirẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Lójú agbẹjọ́rò olówó, ìkìlọ̀ ìdádúró gbèsè nìyẹn, ó ní ọjọ́, ó ní aago, ó ní orúkọ lórí. Ohun tó yẹ kó kọ, kó sì jẹ́ láti ọwọ́ agbẹjọ́rò rẹ̀ pẹ̀lú "WITHOUT PREJUDICE" lókè, èyí tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìdúnàádúrà má di ẹ̀rí lòdì sí i, ni pé òun ti gba lẹ́tà ti ọjọ́ báyìí, òun fẹ́ jókòó lórí bí òun á ṣe máa san án, iye báyìí lòun mú wá fún ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra létí. Wọn ò jọra nílé ẹjọ́.

Nígbà àwọn bàbá wa, òṣómàálò á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, á ní ìlóṣòó lòun máa fi gba owó òun. Ti ìsinsìnyí kì í lóṣòó. Bí àbúrò yín bá ti fọwọ́ sí ìwé GSI nígbà tó ń yáwó, àṣẹ tí Báńkì Àpapọ̀ gbé jáde ní 2020, báńkì tó jẹ lówó lè fa owó náà jáde nínú àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì mìíràn tí BVN kan náà so pọ̀, ojú owó tó yá àti èlé rẹ̀. Kò nílò kó kọ́kọ́ lọ gba ìdájọ́. Mélòó mélòó ni olùdíje tí àwọn ọ̀rẹ́ dáwó ìpolongo fún, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sínú àkáǹtì tirẹ̀ láàárọ̀, tí kò bá kọ́bọ̀ níbẹ̀ nírọ̀lẹ́! Bí báńkì bá sì ti gba ìdájọ́, ó lè béèrè fún àṣẹ garnishee: ilé ẹjọ́ á kọ́kọ́ ní kí báńkì tí owó wà di owó náà mú, wọ́n á fi ìwé náà lé onígbèsè lọ́wọ́, ó kéré tán ọjọ́ 14 ṣáájú ìgbẹ́jọ́, bí kò bá sì sí ohun tó dí i lọ́wọ́, wọ́n á ní kí wọ́n san án fún olówó. Nítorí náà, owó tí àwọn èèyàn dá fún ìpolongo, kó ní àkáǹtì tirẹ̀ tí ìgbìmọ̀ ìpolongo ń fọwọ́ sí, kó ní ìwé àkọsílẹ̀. Mi ò sọ pé kó kó owó tara rẹ̀ pamọ́ síbẹ̀ o. Ìyẹn ni mo kà sí ìwà bankrupt níṣẹ̀ẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju bankrupt lọ: sọ̀wédowó. Olùdíje tí kò lówó lọ́wọ́ á kọ sọ̀wédowó fún ẹni tó tẹ pósítà, á kọ ọ̀kan fún ẹni tó ni kánópì àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, á ní kí wọ́n má tíì gbé e lọ báńkì. Wọ́n á gbé e lọ. Òfin sọ̀wédowó tí kò lówó nínú, ti ọdún 1977, sọ pé ẹni tó bá fi sọ̀wédowó gba nǹkan, tí wọ́n sì dá a padà nítorí pé owó ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n mú un lọ láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni, kò sí fáìnì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Gbèsè tó jẹ́ ọ̀rọ̀ owó lásán ti di ọ̀ràn nìyẹn. Abala 66 àti 107 sì tún ní, lọ́tọ̀ sí ti bankrupt, pé ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ọ̀ràn ìwà àìṣòótọ́ kò ní lè díje fún ilé aṣòfin bí kò bá tíì pé ọdún mẹ́wàá. Bóyá sọ̀wédowó bẹ́ẹ̀ wọ inú "ìwà àìṣòótọ́" nínú ẹjọ́ kan pàtó, agbẹjọ́rò lè jiyàn lé e lórí. Kò yẹ kí olùdíje jẹ́ ẹni tí wọ́n á fi dán an wò. Lábẹ́ abala 107, bankrupt tí wọ́n bá tú sílẹ̀ lọ́la lè díje lọ́la. Èyí ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn.

Ohun mìíràn tó jọ ti sọ̀wédowó ni owó tí wọ́n fi ìlérí ipò yá. "Yá mi ní mílíọ̀nù márùn-ún, bí mo bá wọlé, iṣẹ́ ọ̀nà yẹn tìrẹ ni." Bí ẹni tó yáni lówó bá gbé e lọ síbi tó yẹ, ó lè di ọ̀rọ̀ òfin 419 ti ọdún 2006, ẹ̀wọ̀n ibẹ̀ kò sì dín ní ọdún méje. Ẹ ní kó má sọ ọ́, kó má kọ ọ́, kó má fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ bí kò bá sí sọ̀wédowó, tí kò sí ẹ̀tàn, tí ó kàn jẹ́ owó tó yá tí kò rí san, ọlọ́pàá kò láṣẹ láti mú un. Abala 32 nínú òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ ní kedere pé a kò gbọ́dọ̀ mú èèyàn nítorí ọ̀rọ̀ àdéhùn tàbí ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe ọ̀ràn; òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015 sọ bákan náà. Bí wọ́n bá pè é sí àgọ́, kó lọ pẹ̀lú agbẹjọ́rò, kó má sì fọwọ́ sí ìwé kankan níbẹ̀ pé òun á san iye báyìí lọ́jọ́ báyìí. Ìwé tí wọ́n fi ìbẹ̀rù kọ ni wọ́n máa ń gbé jáde lẹ́yìn ọ̀la.

Ìbéèrè kan wà tí ẹ ò bi mí, òun ló sì yẹ kí ẹ bi mí. Orúkọ wo ni ilé iṣẹ́ búrẹ́dì náà ń jẹ́ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀? Bó bá jẹ́ orúkọ okòwò lásán, òun àti ilé iṣẹ́ náà ọ̀kan náà ni, gbèsè rẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì tó parí sí "Limited", kọ́ńpìnnì ló jẹ gbèsè, kì í ṣe òun, àyàfi bó bá fọwọ́ sí ìwé onídùúró fún un. Báńkì kì í sáábà gbàgbé láti ní kí olùdarí fọwọ́ sí i, ó máa ń wà láàárín àwọn ojú ìwé tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Ẹ lọ wò ó. Ìdáhùn lórí ojú ìwé kan yẹn lè sọ gbogbo ohun tí a ti ń sọ láti òkè di ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn.

Ká ní ohun tó burú jù ṣẹlẹ̀, wọ́n kéde rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló ṣì wà. Bó bá pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, abala 107 fúnra rẹ̀ sọ pé ìdènà yẹn kò mú un láti ọjọ́ tó ti pè é títí ẹjọ́ náà yóò fi parí, tàbí tí òun bá pa á tì. Èkejì, bó bá san gbogbo gbèsè náà tán, tàbí bí ilé ẹjọ́ bá rí i pé kò yẹ kí wọ́n ti kéde rẹ̀, wọ́n lè fagi lé e. Ẹ̀kẹta ni ìtúsílẹ̀ tí mo ti sọ. Ọ̀nà kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ń ra àkókò ni, kò pa gbèsè. Bí ẹjọ́ náà bá já lulẹ̀ lẹ́yìn tó ti wọlé ìbò, abala 109 á gba àga lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ohun tí kì bá ti jẹ́ kó díje náà ni kò ní jẹ́ kó jókòó.

Ní ti INEC, gbogbo olùdíje ló ń búra nílé ẹjọ́ lórí fọ́ọ̀mù EC9 pé òun pé ojú ìwọ̀n tí ìwé òfin béèrè. Lábẹ́ òfin ìdìbò, wọ́n á gbé ìwé náà síta fún gbogbo ayé láti rí, ẹni tí wọ́n jọ du tíkẹ́ẹ̀tì nínú ẹgbẹ́ kan náà sì lè pe ẹjọ́ bó bá ní ìdí láti gbà pé irọ́ wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ 14 péré ló ní láti pè é. Fún ìdí yìí, bí kò bá tíì sí ìkéde kankan, kó búra ní òótọ́, kó sun oorun rẹ̀. Bí ó bá ti wà tí wọn ò sì tú u sílẹ̀, kó má fi irọ́ bò ó. Òfin ìdìbò máa ń yí padà. Kí agbẹjọ́rò yín wo èyí tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù.

Ìwé "clearance" wá kù. Kò sí ìwé bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. INEC kì í béèrè rẹ̀. Lẹ́tà tó wà ni èyí tí báńkì máa ń kọ pé lágbájá kò jẹ wá mọ́, báńkì tó yá a lówó nìkan ló lè kọ ọ́, lẹ́yìn tó bá ti san án. Ẹni tó bá ta ayédèrú rẹ̀ fún yín ti sọ onígbèsè di ẹni tó gbé ìwé èké.

Nípa owó náà fúnra rẹ̀: òfin ìdìbò ti 2022 fi ₦30 mílíọ̀nù ṣe òpin ohun tí olùdíje ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lè ná nígbà náà. Gbèsè àbúrò yín ju òpin ìgbà yẹn lọ. Bó bá ní mílíọ̀nù mẹ́ta lọ́wọ́ báyìí tó ń wá ẹni tó máa yá a ní mẹ́ta sí i fún fọ́ọ̀mù, tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà bó bá fìdí rẹmi, èmi ò ní gbà á nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Kó mú lára owó yẹn lọ bá báńkì, kí wọ́n tún àdéhùn ṣe, kí wọ́n fa ọdún rẹ̀ gùn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Báńkì tí onígbèsè rẹ̀ ń san díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ àdéhùn tuntun kì í sáábà ní ìdí láti máa sáré lọ sílé ẹjọ́.

Ohun tí mo kọ yìí jẹ́ àlàyé gbogbogbò, mi ò tíì rí ìwé kankan. Kí ẹ tó lọ bá agbẹjọ́rò, ẹ kó àwọn wọ̀nyí jọ: ìwé àdéhùn ẹ̀yáwó pẹ̀lú gbogbo ojú ìwé tó so mọ́ ọn, pàápàá ti onídùúró àti ti GSI, ìwé àkáǹtì tó fi iye gbèsè hàn títí di òní, ìwé CAC, gbogbo lẹ́tà báńkì pẹ̀lú àpò wọn, nítorí ọjọ́ tí wọ́n gbà á ṣe pàtàkì, àti ẹ̀dá gbogbo sọ̀wédowó tó ti kọ tí wọn kò tíì gbà. Ẹ ní kí agbẹjọ́rò náà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì akọ̀wé Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní agbègbè tí àbúrò yín ń gbé, kí wọ́n bá a wá inú ìwé bóyá ẹnikẹ́ni ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kó sì gba èsì rẹ̀ ní ìwé. Èyí ni kó kọ́kọ́ ṣe, kó tó san kọ́bọ̀ fún fọ́ọ̀mù. Bí àpò kan bá sì wà nínú àwọn lẹ́tà yẹn tí òǹtẹ̀ ilé ẹjọ́ wà lára rẹ̀, ẹ má dúró kó gbogbo ìyókù jọ. Ẹ gbé ìyẹn nìkan dání, kí ẹ lọ lónìí.